Ta Ló Ni Aṣọ Yìí?

Ní ọdún 2019, Brooklyn Museum ní ìlú New York ya ààyè ńlá kan sọ́tọ̀ fún aṣọ ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀kú eégún ni. Wọ́n pe ìpàtẹ náà ní One: Egúngún, wọ́n sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ láti oṣù Èrèlé títí wọ inú oṣù Ògún. Agbo ilé Lekewọgbẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀kú yìí ti ṣẹ̀ wá, ní àárín nǹkan bí ọdún 1920 sí 1948. Àwọn tó fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Brooklyn rí i pé oríṣi aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300. Òwú wà níbẹ̀, sílíìkì wà níbẹ̀, aṣọ onírun àgùntàn wà níbẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ òyìnbó hun náà wà níbẹ̀. Òmíràn ti ọ̀dọ̀ wa wá, òmíràn ti Yúróòpù, òmíràn ti Éṣíà.

Inísà, ìlú wa, ni mo wà nígbà tí mo rí àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ agbo ilé yẹn ló mú mi dúró. Ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá nínú mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè mọ ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sí abẹ́ rẹ̀: Yorùbá, Nàìjíríà, ọ̀rúndún ogún, a kò mọ ẹni tó ṣe é. Ó parí náà nìyẹn. Ẹni tó hun ún kò lórúkọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò nílé. Ti ẹ̀kú yìí yàtọ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà títí wọ́n fi mọ agbo ilé tó ni ín, ní ìlú tí ọmọ Inísà lè wọ mọ́tò lọ kó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, bí wọ́n bá bá aṣọ ilé tiwa níbì kan lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ni yóò lè sọ pé ti wa ni?

Bí ìdílé Yorùbá kan bá kó aṣọ ìran rẹ̀ jọ sí ojú kan, ara ẹ̀kú ni wọ́n sábà ń kó o jọ sí. Aṣọ tó súnmọ́ ara jù nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, aró pẹ̀lú funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di òkú. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gán àwọn yòókù mọ́ ọn: àrán, dámáskì, aṣọ pupa, aṣọ olódòdó, èyí tí wọ́n gé ní ṣóńṣó ṣóńṣó létí. Bí ọdún eégún bá ti ń yípo ni wọ́n ń fi tuntun kún un. Ẹni tó tọrọ ọmọ tó sì rí ọmọ á mú aṣọ wá. Ọmọ-osú tí ọjà rẹ̀ tà á mú aṣọ wá. Aṣọ àtijọ́ kò kúrò níbẹ̀. Abẹ́ tuntun ló ń wà, ìgbà tí eégún bá sì fọn ara, tó ń pòyì láàárín agbo, ni ojú á tún tó o fẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ fẹ́ sáwọn èèyàn, ìre làwọn àgbà ní ó ń gbé bọ̀.

Obìnrin ni mí. Ìta ni mo ti mọ̀ ọ́n, ìta náà ni mo dúró sí tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìgbàlẹ̀ kì í ṣe ibi ẹsẹ̀ mi. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé owó àwọn obìnrin wà lára púpọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá dúró níwájú gíláàsì ní Amẹ́ríkà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé tiwa kò ní eégún mọ́. Bàbá bàbá mi di Mùsùlùmí, bàbá mi di ọmọ ìjọ nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, nígbà tí wọ́n sì bí wa, kò sí ohun kan tó ń kó aṣọ ìran wa jọ mọ́ àfi àpótí. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni ti ìyá bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà. Àpótí irin ni, Gáńà ni ọkọ wọn ti gbé e dé. Gold Coast ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà kọ́kọ́ lọ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìlú wa àti agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò ṣe ń rìnrìn àjò ìṣòwò nígbà náà, àwọn kan sí Gold Coast, àwọn kan sí Kọtedifúà. Ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà, aṣọ sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáńà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Aṣọ ni wọ́n lè dì. Ìdí rèé tí àpótí àgbàlagbà púpọ̀ ní ìlú wa fi kún fún aṣọ tí wọn kò rà láti wọ̀: ọjà ni, owó ni, ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ogún ọdún ni.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ àpótí Ìyá Àgbà ju ti Gáńà lọ lọ́jọ́ orí. Kíjìpá wà níbẹ̀ tí àwọn fúnra wọn hun. Òfì obìnrin máa ń dúró lóòró lára ògiri, aṣọ rẹ̀ á sì fẹ̀. Ti ọkùnrin ló máa ń gùn sílẹ̀, tó ń hun èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á tò mọ́ra wọn, tí wọ́n á wá rán. Kíjìpá nípọn, kò tètè gbó. Òun ni wọ́n ń ró lọ sóko, òun ni wọ́n fi ń pọn ọmọ. Bí ẹ bá gbé ti Ìyá Àgbà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ibì kan láàárín rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Ibẹ̀ ni ìdí àwọn ọmọ máa ń wà. Bàbá mi jókòó níbẹ̀, àwọn àbúrò wọn jókòó níbẹ̀, èmi náà jókòó níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ní, n kò mọ èyí tó tó ìyẹn fi hàn ní mùsíọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n máa fi nulẹ̀ ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Aṣọ tuntun owó ni. Àkísà, ìgbésí ayé ni.

Lórí kíjìpá ni adìrẹ ẹlẹ́kọ wà, iṣẹ́ àwọn aláró Òṣogbo. Ọ̀kan jẹ́ Ìbàdàndùn, tó ní àwòrán òpó gbọ̀ngàn Mapó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Èkejì jẹ́ Olọ́ba, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935. Obìnrin tí kò mọ̀wé kà, tí kò dé Ìlú Ọba rí, ró àwòrán ọba òyìnbó àti ayaba rẹ̀ mọ́dìí lọ sí ọjà Ìkìrun. Kò sí ìwé ìtàn tó lè fi ìgbà ìjọba amúnisìn hàn mí báyẹn. Ojú irin ló mú ọ̀pọ̀ nǹkan yára: ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Aṣọ funfun tí àwọn aláró ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń hun púpọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ òyìnbó ni, aró Òṣogbo ni, ìdí Inísà ló sì ń ró o.

Ti bàbá àgbà ni sányán àti ẹ̀tù. Sányán kì í gba aró. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ní yẹn, láti ara òwú tí kòkòrò inú igbó ń ta ló ti mú un wá. Ẹ̀tù ni wọ́n ń rẹ sínú aró, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n tún ń rẹ, títí yóò fi dúdú kọjá dúdú, tí ìlà funfun tín-ín-rín á wá máa yọ lára rẹ̀ bí àmì ara ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àlàárì ni kò sí lọ́dọ̀ wa. Òwú pupa rẹ̀ nígbà àtijọ́ ti Trípólì gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Kánò kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ Yorùbá, ìdílé tó bá ní i nígbà náà kì í ṣe ìdílé tó ń jẹun àná.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà. Nígbà tí owó Udójì jáde ní 1975, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹmọ́nú oṣù mélòó kan papọ̀, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan ra rédíò. Bàbá mi ra léèsì fún ara wọn, wọ́n ra irú rẹ̀ fún Màmá. Ilẹ̀ Ọ́sítríà ni ọ̀pọ̀ léèsì ìgbà náà ti ń wá, láti ìlú Lustenau ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg, níbi tí àwọn ìdílé kan ti ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ láti ìran dé ìran. Ní 2010, mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan ní Vienna ṣe ìpàtẹ lórí léèsì yìí pẹ̀lú àwọn ará National Museum ti Èkó. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹnìkan ní Lustenau lè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kó sì rí àwòrán òdòdó tó wà lára léèsì bàbá mi, nígbà tó jẹ́ pé ní Inísà, nínú àwọn ọmọ-ọmọ bàbá mi, bóyá la fi máa rí ẹnìkan tó mọ̀ pé tíṣà ló ra léèsì yẹn, àti irú owó tó fi rà á.

Bí a ṣe ń tọ́jú aṣọ ló fà á. Pínpín là ń pín in.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pín aṣọ Ìyá Àgbà. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé jókòó yíká, wọ́n gbé àpótí sáàárín. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ilé. Àǹtí bàbá mi tó dàgbà jù ló ń yọ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í na aṣọ kan síni láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èyí, ìgbà ìsìnkú bàbá wọn ni wọ́n dá a." "Èyí, ìyá Ọ̀ffà ló fún wọn, ìjà ni wọ́n fi parí." "Èyí, wọn ò jẹ́ ró o mọ́ lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn wọn kú." Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á wo ojú wa ká, wọ́n á wá mọ ẹni tó tọ́ sí. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Mo rò pé kò sí ìpàtẹ kan ní mùsíọ́ọ̀mù kankan tó lè dára ju ọ̀sán ọjọ́ yẹn lọ, nítorí aṣọ wà lọ́wọ́, ìtàn wà lẹ́nu, àwọn tó ni ín sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a dìde, tí oníkálùkù gbé tirẹ̀. Aṣọ kan lọ sí Ìbàdàn, òmíràn lọ sí Èkó, òmíràn padà sí Akíra ní Gáńà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti tún lọ síbẹ̀. Àǹtí yẹn ti di ẹni ilẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ wà lórí àwa tí a gbọ́ ọ. Ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wa kò gbọ́ ọ. Pínpín aṣọ so wá pọ̀ fún ìran kan, ní ìran kejì ó tú wa ká, èyí ni mo rí, bí n kò tilẹ̀ fẹ́ràn láti sọ ọ́.

Èyí tó dára jù pàápàá kì í dé orí ẹní. Òkú ń wọ aṣọ lọ. Bí àgbàlagbà bá kú, aṣọ tó fẹ́ràn jù, tó sì níyì jù, ni àwọn ọmọ á mú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀tù tó dára jù tí wọ́n hun fún àwọn ará Inísà, abẹ́ ilẹ̀ Inísà ló wà. N kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wa wí fún ìyẹn. A kò hun aṣọ nítorí gíláàsì.

Àwọn tó ń tọ́jú aṣọ ní mùsíọ́ọ̀mù mọ ohun kan tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kó tàn sí aṣọ àtijọ́ kì í sábà ju lux 50 lọ, èyí tó rẹlẹ̀ gan-an, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ àwọ̀ aṣọ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì jẹ kì í dá a padà. Wọn kì í sábà ká aṣọ ní ìṣẹ́po, nítorí ojú ibi tó ṣẹ́ ni ó ti máa ń já. Ọ̀pá ni wọ́n ń yí i mọ́. Àwọn ìyá wa ń tú àpótí lọ́dọọdún, wọ́n ń sá aṣọ sí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń yí ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ padà. Wọ́n mọ̀ ọ́n láìka ìwé kankan. Ohun tí mùsíọ́ọ̀mù fi jù wọ́n ni àkọsílẹ̀: wọ́n ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára tépù òwú funfun, wọ́n ń fi okùn tín-ín-rín gán an mọ́ etí aṣọ níbi tí kò ti ní bà á jẹ́. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Ilé wo ní Inísà ni kò lè ṣe é?

Agbègbè wa kì í ṣe ibi tí àkọsílẹ̀ kò dé. Ní Òkukù, ibùsọ̀ díẹ̀ sí wa, Ulli Beier kọ odidi ìwé, tó jáde ní 1982, lórí adé onílẹ̀kẹ̀ tí àwọn Olókukù ń jogún láti ọ̀dọ̀ ara wọn. Karin Barber náà gbé Òkukù fún ọdún mẹ́ta láti 1974, ìwé rẹ̀ lórí oríkì ìlú náà sì jáde ní 1991; nínú rẹ̀, obìnrin tí kì í ṣe olóyè, tí kì í ṣe olówó, ní orúkọ àti ohùn. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀ffà, ni wọ́n ti dá mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945, fún àwọn ère òkúta. Adé ní ìwé, ère nílé, oríkì ní ìwé. Aṣọ tí àgbẹ̀ àti tíṣà àti ìyá aláró wọ̀ ni kò ní nǹkan kan.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ké sí gbogbo ará ìlú pé kí ẹni tó bá ní aṣọ Áfíríkà àti fọ́tò ẹbí rẹ̀ nílé mú un wá fún ìpàtẹ Africa Fashion, èyí tí wọ́n ṣí ní 2022. Aṣọ tí Shade Thomas-Fahm rán wà lára ohun tí wọ́n ń wá, ìyẹn obìnrin tó ṣí ilé aṣọ rẹ̀ ní Èkó ní 1960. Kí ilé ńlá bẹ́ẹ̀ tó lè sọ ìtàn aṣọ wa, ó ní láti kanlẹ̀kùn ilé àwọn èèyàn. Àpótí wa ni wọ́n nílò.

Mo fẹ́ kí yàrá kan wà ní Inísà, ì báà jẹ́ ní ilé ìwé, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú, tí aṣọ ìdílé kan á wà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kí ti ìdílé mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ìdílé ọba nìkan. Kí wọ́n gbé kíjìpá tó fẹ́lẹ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ léèsì Udójì, kí wọ́n gbé ankara aṣọ ẹbí tí a dá lọ́dún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí fọ́tò ẹni tó wọ̀ ọ́ wà níbẹ̀, kí ohùn àgbà kan sì máa ròyìn rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ. Kí aṣọ eégún má sí níbẹ̀ àfi bí àwọn ọ̀jẹ̀ bá fọwọ́ sí i fúnra wọn. Kí aṣọ padà sílé lẹ́yìn ìpàtẹ, kí ọmọ tún fi ṣe ìgbéyàwó. Láti kó ti ilé tiwa jọ, a ní láti pe Ìbàdàn, ká pe Èkó, ká pe Akíra, kí ìbátan tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìpín bára wọn sọ̀rọ̀. Bí yàrá náà kò tilẹ̀ wáyé, ìpè yẹn nìkan tó iṣẹ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá. Ẹ̀tù bàbá àgbà ti di tiwọn báyìí. Wọ́n ti tún un rán sí ìró. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé òun ni mo fẹ́ kó wà láàárín ìpàtẹ, wọ́n mi orí. "Èyí lẹ máa fi sin mí. Ya fọ́tò rẹ̀, kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n aṣọ yìí kò lọ síbi kankan." Mo ní mo gbọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀ tojú tẹ̀yìn, mo wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, mo sì mú bírò.

"Kọ orúkọ bàbá Ìsẹ́yìn tó hun ún síwájú," ni wọ́n wí. Mo ní, "Màmá, orúkọ bàbá àgbà tó ni ín ló yẹ kó ṣíwájú, ti bàbá tó hun ún á tẹ̀ lé e." Wọ́n ní bàbá àgbà kàn fowó rà á ni, ṣé ìwọ rí ẹni tó ń fi orúkọ oníbàárà ṣíwájú orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́? Mo ní bí bàbá àgbà kò bá rà á, kò ní dé Inísà, a kò sì ní máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. A kò tíì fẹnu kò. Orúkọ méjèèjì wà nínú ìwé báyìí, lórí ìlà kan náà, Màmá sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe bí àwọn ṣe sọ ọ́ nìyẹn.